Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́ Bí A Ṣe Ń Ya Máàpù Àdúgbò Wa

 

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ń kọ́ ní ọjọ́ Sátidé, ìyẹn bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya máàpù. Àwọn kan ti béèrè pé kí ni ẹni tí ń ta gàrí àti ẹja gbígbẹ ní òpópónà Rockey fẹ́ fi máàpù ṣe. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn wa ni pé máàpù ti wà lórí àwa oníṣòwò tipẹ́tipẹ́. A mọ ibi tí oníbàárà ń gbé, a mọ òpópónà tí kò ṣeé gbà lóru. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó ẹni tí ó dé láti ilé lánàá bá ń rọbí ní òru òní, ìmọ̀ tí ó wà lórí wa kò lè ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá wà nínú máàpù, ó di ti gbogbo wa.

QGIS ni orúkọ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ wa ń lò. Gary Sherman, ará Alaska ní Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2002. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní ná wa ní rand kan.

Bí ìgbà tí a bá to aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara wọn ni máàpù náà rí. Ìpele kan jẹ́ ti òpópónà, òmíràn ti ilé ìwòsàn, òmíràn ti ibi tí tákísì ń dúró sí. A lè ká ọ̀kan kúrò, kí a sì fi òmíràn lé e. Ibi kọ̀ọ̀kan láyé sì ní nọ́ńbà méjì tirẹ̀. Ti Yeoville fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ -26.18 àti 28.06. Àmì kékeré tí ó ṣíwájú 26 ni ó sọ pé apá gúúsù ayé ni a wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí ó fẹ́ fi hàn yóò bọ́ sí aginjù Egypt. Bí ó bá sì fi nọ́ńbà kan sí ipò èkejì, àárín Òkun Atlantic ni yóò ti rí i. Ẹ̀kọ́ yìí ń kọ́ ọmọ láti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, bí a ṣe ń ka owó lẹ́ẹ̀mejì lọ́jà.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ìran wa. Láti ọdún 1972 ni iléeṣẹ́ RECTAS, tí a ń pè ní AFRIGIST báyìí, ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní irú ìmọ̀ yìí. Ní Kibera, nílùú Nairobi, àwọn ọ̀dọ́ ya máàpù àdúgbò wọn fúnra wọn ní ọdún 2009, wọ́n sì fi ibi omi àti ilé ìwòsàn hàn níbi tí ọ̀pọ̀ máàpù ti fi sílẹ̀ lófìfo.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní oṣù May 2008, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọlu àwọn àlejò ní Alexandra, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú. Àwọn tí ó kú lé ní 60. Ẹni tí ó bá rántí àkókò náà yóò mọ̀ pé máàpù tí ó fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù àlejò hàn lọ́kọ̀ọ̀kan lè di ohun ìjà lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ràn wa. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ fi ilé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sí i, kí a lè tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀. Èrò rere ni, a sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò sí ohun mẹ́ta. Èkíní, ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ni a ó kọ́kọ́ yà: kílíníìkì Yeoville, àgọ́ ọlọ́pàá, ilé ìwòsàn Charlotte Maxeke, ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Èkejì, ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ó bá fọwọ́ sí ìwé nìkan ni a ó fi sí i, ìgbàkígbà tí ó bá sì fẹ́ ni a ó yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀kẹta, ilé ẹnikẹ́ni kò ní wọ máàpù. Inú ìwé akọ̀wé ni àdírẹ́sì wa yóò máa wà. Òfin POPIA ilẹ̀ yìí, tí ó múlẹ̀ ní kíkún ní July 1, 2021, kò tilẹ̀ gbà kí a máa fi orúkọ àti àdírẹ́sì ènìyàn ṣe bí ó bá ṣe wù wá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ rán àwọn ọmọ yín wá, lóbìnrin lọ́kùnrin. Ẹ̀yin àgbà, ẹ wá jókòó tì wọ́n, nítorí ọmọ mọ kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni ẹ mọ àdúgbò. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a ṣìnà ní ilẹ̀ àjò, kí ó sì mú wa padà délé láyọ̀.