Ìwé Àyẹ̀wò Kì í Ṣe Ẹlẹ́rìí Sìná

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbi ìpàdé wọn ní Mowe)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá àìsàn tí ó sì dá oògùn. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí àwọn àáfà sábà máa ń sọ lórí mímbárì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń tijú láti gbọ́ ọ, kí ó rántí pé ìyá wa Áíṣà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, yin àwọn obìnrin Ànsáárì nítorí pé ìtìjú kò dí wọn lọ́wọ́ láti béèrè ohun tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ nínú ẹ̀sìn wọn. Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun alẹ́, ọkùnrin kan nínú àwọn tí ń kírun lẹ́yìn mi tẹ̀lé mi dé ilé. Ó yọ ìwé kan jáde nínú àpò rẹ̀. Wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò fún ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kòkòrò àìfojúrí tí a ń pè ní HPV wà ní ẹnu ilé-ọmọ rẹ̀. Ẹnìkan ti sọ fún un pé ọ̀nà ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà ń gbà ran ènìyàn. Ó ní, "Àáfà, ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi kọ ìwé ìkọ̀sílẹ̀." Mo bi í pé kí ni dókítà wí. Ó ní dókítà ní kí obìnrin náà padà wá gba ìtọ́jú, ṣùgbọ́n òun kò ní ná kọ́bọ̀ lórí àìsàn àgbèrè.

N kò ní purọ́ fún yín: èmi náà kò mọ ohun tí n ó wí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti lọ sí ilé-kéwú, mo ti lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ń jẹ́ HPV. Mo ní kí ó ṣe sùúrù. Sùúrù náà gba oṣù mẹ́rin, nítorí pé n kò tètè wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ bi. Ní gbogbo ìgbà yẹn, obìnrin náà wà ní ilé bàbá rẹ̀ láìgba ìtọ́jú. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀, mo sì ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun àti lọ́dọ̀ obìnrin náà. Ohun tí mo padà wá mọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ nílé yín.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a mọ àìsàn náà. Ibi tí ilé-ọmọ ti pàdé ojú ara obìnrin ni a ń pè ní ẹnu ilé-ọmọ. Onímọ̀ ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí irú HPV méjì tí ó burú jù, èyíinì ni 16 àti 18, nínú jẹjẹrẹ yìí ní ọdún 1983 àti 1984. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008 nítorí iṣẹ́ náà. Kòkòrò yìí wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti mọ ọkùnrin tàbí obìnrin rí ni ó ti bá pàdé. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, ara fúnra rẹ̀ ni yóò lé e lọ láàárín ọdún kan sí méjì. Bí ó bá kọ̀ tí kò lọ, ó lè tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó di jẹjẹrẹ, àfi bí ara obìnrin náà kò bá lágbára láti gbógun ti àrùn ni ó lè yá jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìwé àyẹ̀wò kò lè sọ ìgbà tí kòkòrò náà wọlé, kò sì lè sọ ẹni tí ó mú un wá.

Èkejì, ẹ gbọ́ ohun tí ìwádìí nílẹ̀ Yorùbá wí. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ ìṣègùn tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Obìnrin 932 ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n rí HPV lára nǹkan bí 26 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, àti ọ̀dọ́ àti arúgbó. Wọ́n tún rí i pé bí ọkọ bá ń ní àjọṣe pẹ̀lú obìnrin mìíràn lóde, ìṣeéṣe pé kí kòkòrò náà wà lára ìyàwó tí ó jókòó sílé pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìlọ́po kan ààbọ̀. Nígbà tí mo ka èyí tán, mo ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Mo bi í bóyá òun kò mọ obìnrin mìíràn rí kí ó tó ṣe ìgbéyàwó, tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ó dorí kodò. N kò bi í mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mi, Súrà An-Nuur kọ́ wa pé ẹni tí ó bá fi sìná kan ọmọlúàbí obìnrin gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí mẹ́rin wá. Ọkọ tí kò bá ní ẹlẹ́rìí, ìbúra ni ó kù fún un, ìbúra tí yóò fi ègún Ọlọ́hun sórí ara rẹ̀ bí ó bá purọ́. Ìwé yàrá àyẹ̀wò kò sí nínú ohun tí Súrà náà kà sí ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo bí ìyọnu náà ti pọ̀ tó. Ní ọdún 2020, nǹkan bí obìnrin 12,000 ni jẹjẹrẹ yìí mú ní Nàìjíríà, ó sì pa nǹkan bí 8,000. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó obìnrin 22 lójúmọ́. Nínú àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ní Ìbàdàn, òun ni ó ṣíwájú láàárín àwọn obìnrin ní àwọn ọdún 1960. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, jẹjẹrẹ ọyàn ti gba iwájú, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ti ẹnu ilé-ọmọ lọ. Títí di òní, òun ni ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn jẹjẹrẹ ara ìbímọ obìnrin, kí a tó kan ti ilé-ẹyin àti ti inú ilé-ọmọ gan-an. Ní ọdún 2022, nínú gbogbo obìnrin tí ó pa lágbàáyé, nǹkan bí 94 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn obìnrin wò déédéé, ó ti dínkù gidigidi.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀nà àbáyọ wà. Dókítà Papanicolaou, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì tí ó ṣiṣẹ́ ní New York, ni ó fi han ayé pé a lè rí ìyípadà ní ẹnu ilé-ọmọ kí ó tó di jẹjẹrẹ. Èyí ni a ń pè ní ayẹ̀wò Pap. Ọ̀nà kan tún wà tí nọ́ọ̀sì yóò fi omi kíkan bíi finígà pa ẹnu ilé-ọmọ, ibi tí nǹkan bá ti yí padà yóò sì funfun. Èyí tí ó dára jù nísinsìnyí ni àyẹ̀wò HPV fúnra rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọmọ ọdún 30, kí ó sì máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Àwọn tí ó ní kòkòrò HIV yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 25. Ẹ̀yin tí ẹ ń wí pé ẹ kò fẹ́ kí ọkùnrin rí ìhòòhò ìyàwó yín, ẹ béèrè fún obìnrin tí yóò ṣe é. Pẹ̀lúpẹ̀lù, nínú àyẹ̀wò HPV, obìnrin lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò níbi tí wọ́n bá ti ní irinṣẹ́ rẹ̀. Àwáwí wo ni ó kù?

Ẹlòmíràn yóò ní kádàrá ni. Nígbà tí Sayyidina Umar ń lọ sí ilẹ̀ Shám, tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, ó yí padà. Wọ́n bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá ni. Ó dáhùn pé inú kádàrá Ọlọ́hun ni òun ti ń lọ sínú kádàrá Ọlọ́hun mìíràn.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìpínlẹ̀ Ògùn wa wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní yóò sọ ọmọ di àgàn. Irú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sọ nípa àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní Kánò ní ọdún 2003, tí wọ́n fi dá a dúró. Àrùn náà tàn láti ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn ọmọ Mùsùlùmí ni ó sì pọ̀ nínú àwọn tí ó rọ. Abẹ́rẹ́ HPV kò sọ ẹnikẹ́ni di àgàn. Jẹjẹrẹ tí ó ń dènà gan-an ni ó ń mú kí wọ́n gé ilé-ọmọ kúrò. Kò sì ní kí ọmọ lọ ṣe ìṣekúṣe, nítorí ọmọ tí ó pa ara rẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó kò lè mọ ohun tí ọkọ yóò bá wá. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kò dí gbogbo irú HPV, nítorí náà ẹni tí ó gbà á yóò ṣì lọ fún àyẹ̀wò nígbà tí ó bá dàgbà.

Mo fẹ́ kí àwọn ìyá wa fi èyí sọ́kàn: ẹ̀jẹ̀ tí ó wá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí láàárín nǹkan oṣù méjì, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró pátápátá, kì í ṣe ohun tí a ń fi hàntú tàbí àgbo dúró dè. Ayẹ̀wò Pap kì í rí jẹjẹrẹ ilé-ẹyin. Nítorí náà, ikùn tí ó bá ń wú tí kò sì rọlẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí ó jókòó níhìn-ín délé lónìí, kí ó bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ó ti ṣe àyẹ̀wò yìí rí. Kí ó fún un ní owó ọkọ̀, kí ó sì tẹ̀lé e lọ. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín ní Mowe tàbí Ibafo. Bí wọn kò bá ṣe é níbẹ̀, wọn yóò tọ́ yín sọ́nà, Ṣàgámù àti Abẹ́òkúta kò jìnnà sí wa. Àmánà ni ìyàwó lọ́rùn ọkọ.

Ọkùnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ lọ mú ìyàwó rẹ̀ padà nílé bàbá rẹ̀. Ó ti ìtìjú ẹnu rẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ àwọn àna rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n rí i pé nǹkan ti ń yí padà, ṣùgbọ́n kò tíì di jẹjẹrẹ. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Oṣù mẹ́rin ni a fi ṣòfò. Ọlọ́hun ni kò jẹ́ kí ó jẹ́ ọdún mẹ́rin.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlááfíà, kí Ó forí jin àwọn tí àìsàn yìí ti pa, kí Ó sì má fi àìmọ̀ wa dá wa lẹ́jọ́. Àmín.