Orúkọ Nìkan Kò Tó Ẹ̀rí

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Lakowe)



Àwọn ọmọ wa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ Git dáadáa. Linus Torvalds ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2005. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ni: ó ń pa ohun tí a yí padà mọ́, ọjọ́ tí a yí i, àti orúkọ ẹni tó yí i. Ilé-iṣẹ́ a sì máa ṣe ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì kan, bíi fèrèsé, tí a ń gbà wo ìwé náà.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ o. Orúkọ tí ẹni tó ń kọ ọ́ bá pe ara rẹ̀ ni Git ń kọ sílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ki ọ̀nà ẹ̀bùrú bọ inú iṣẹ́ PHP, èdè tí ọ̀pọ̀ ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ṣiṣẹ́. Orúkọ Rasmus Lerdorf àti Nikita Popov ni wọ́n fi sí i. Àwọn méjèèjì kò mọwọ́, wọn kò mẹsẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò, láàárín wákàtí díẹ̀ ni àṣírí tú. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá kan ló wo orúkọ lójú fèrèsé lásán, ta ni ì bá gba ìwé gbélé-ẹ?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a béèrè fún fèrèsé tó dára:

Èkíní, kí ó jẹ́ ti wíwò nìkan. Kí ó má lágbára láti kọ ohunkóhun.

Èkejì, kí ó yẹ àṣẹ ẹni tó ń bọ̀ wò, kí ó má sì fi ohun tó wà lẹ́yìn àpótí iṣẹ́ hàn. Lọ́dún 2018, wọ́n rí àléébù lára cgit: àjèjì lè fi àmì ../ ka fáìlì mìíràn lórí kọ̀ǹpútà náà. Ẹ̀dà 1.2.1 ló tún un ṣe.

Ẹ̀kẹta, kí ó fi ohun tó wà nínú fáìlì hàn bí ọ̀rọ̀ lásán, kí ó má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lójú ẹni tó ń wò ó.

Ẹ̀kẹrin, kí ó fi hàn bóyá òǹtẹ̀ ìdánimọ̀ tòótọ́ wà lẹ́yìn orúkọ, tàbí kò sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú rẹ̀. Bí ẹ pa á rẹ́ lónìí, ó ṣì wà ní ojú-ìwé àná. Ẹ yí i padà kíá.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ ni pé kí a má gbà kí wọ́n fi orúkọ lásán jẹ òṣìṣẹ́ kankan níyà. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.