Ta Ló Sọ fún Ẹ Pé Ó Ti Dé?

Láti Challenge níbí, nílùú Ìbàdàn, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ẹ má bínú, ti aládùúgbò ni.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ kì í yéé fi ránṣẹ́: "Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ kọ́ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Àwọn kan ti sanwó kọ́ọ̀sì. Àwọn kan ń wo fídíò títí dátà fi tán. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má wo fídíò, àmọ́ ìwé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Ìwé gidi, tó nípọn ju Bíbélì ìyá àgbà lọ.

The TCP/IP Guide ni wọ́n ń pè é. Charles Kozierok ló kọ ọ́, ó jáde ní 2005, ó sì lé ní 1,500 ojú ìwé. Ọkùnrin náà gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, ẹ lè kà á lórí fóònù yín láìsan kọ́bọ̀, àfi owó dátà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé, "Ìwé 2005? Ṣé òun ni mo fẹ́ fi lóye fóònù tí mo rà lọ́dún tó kọjá?" Ó dáa. IPv4 tí fóònù náà ń lò, 1981 ni wọ́n kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí gbogbo ayé ṣì ń tẹ̀ lé. Lóòótọ́, àwọn nǹkan kan wà tí kò sí nínú ìwé náà. QUIC, tí YouTube ń lò, 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ TCP, kí ló fẹ́ fi QUIC ṣe?

Ìwé yìí ní ẹ̀gbọ́n kan, TCP/IP Illustrated ti W. Richard Stevens, tó jáde ní 1994. Stevens máa ń mú pákẹ́ẹ̀tì gan-an lórí wáyà, á tú u palẹ̀ níwájú yín. Kozierok ní tirẹ̀ máa ń jókòó ti èèyàn, á ṣàlàyé bí olùkọ́ tí kò kánjú. Orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Zambia lónìí ni wọ́n ti bí Stevens ní 1951. Áfíríkà wa níbí! Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Wàyí o, ẹ má ka ìwé náà láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gba iwájú wọlé, oorun ló máa gbé e lọ kó tó dé ibi tó dùn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá mú ohun kan ṣoṣo tí fóònù mi ṣe lójú mi, màá wá máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti orí kan dé òmíràn. Ẹ jẹ́ ká mú tíìkì orí WhatsApp.

Ká tó dé ibẹ̀, kí ni protocol? Àdéhùn ni. Ẹ̀rọ méjì ti fẹnu kò sórí bí wọ́n ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá pe màmá mi lórí fóònù, màá ní, "Ẹ ǹlẹ́ mà, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Wọ́n á ní, "Mò ń gbọ́ ẹ, ṣé ìwọ náà ń gbọ́ mi?" Màá ní, "Mò ń gbọ́ yín mà." Ìgbà náà la tó ń dé orí ọ̀rọ̀ owó gáàsì. Ohun tí TCP ń ṣe gan-an nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni: SYN, SYN-ACK, ACK. Ọmọ Yorùbá ni TCP, kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ kí i.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí gáréèjì. Ẹ mọ bí a ṣe ń wébíìlì ẹrù láti Challenge lọ sí Èkó. Ẹ ó di ẹrù, ẹ ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á sí i lára, ẹ ó fún dírẹ́bà lówó. Dírẹ́bà kò ṣèlérí kankan. Tí ẹ bá pín ẹrù náà sínú ọkọ̀ márùn-ún, ọkọ̀ kẹta lè ṣáájú dé. Dírẹ́bà yẹn ni IP. Iṣẹ́ tirẹ̀ ò ju kó wo àdírẹ́sì, kó sì gbé ẹrù sún mọ́ ibẹ̀. Tí ọ̀nà bá dí jù, wọ́n lè da ẹrù yín nù lójú ọ̀nà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn: ráútà tí àyè rẹ̀ bá ti kún, á da pákẹ́ẹ̀tì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nù ni.

TCP ni ẹni tó di ẹrù náà nílé. Ó kọ nọ́ńbà sára páálí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà ní Èkó á máa pè padà pé, "Mo ti gba títí dé ìkẹrin, ìkarùn-ún ni mò ń retí." Ìpè yẹn ló ń jẹ́ ACK. Tí ìpè ò bá wá, TCP á dúró díẹ̀, á tún fi òmíràn ránṣẹ́. UDP ní tirẹ̀ kì í dúró de ìpè ẹnikẹ́ni. Òun ló sábà máa ń gbé ohùn yín tí ẹ bá ń pe èèyàn lórí WhatsApp, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi máa ń gé. Ọ̀rọ̀ tó bá já bọ́ sọ́nà ti bọ́ nìyẹn. Kí lẹ fẹ́ fi "ẹ káàárọ̀" tó dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣe, nígbà tí ẹ ti ń dágbére?

Ó wá ku tíìkì. Tíìkì kan: ọ̀rọ̀ yín ti dé ọ̀dọ̀ sáfà WhatsApp. Tíìkì méjì: ó ti dé orí fóònù ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí. Tó bá di búlúù: ó ti ṣí i. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, kálukú ń jẹ́rìí sí ohun tó ṣojú rẹ̀ nìkan. ACK ti TCP kò tilẹ̀ sí lára wọn. Òun wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn, ohun tó sì mọ̀ kò ju pé ẹrù ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ kejì. Kò mọ̀ bóyá wọ́n ti gbé e wọlé, kò mọ̀ bóyá wọ́n ti tú u. Nítorí náà, ìwọ àbúrò mi tó ń bá olólùfẹ́ rẹ jà pé "O rí mẹ́sééjì mi!", tíìkì méjì kò sọ pé ó rí i. Fóònù rẹ̀ ló rí i.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, a ó rẹ́rìn-ín, a ó kọjá. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ owó ńkọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà nídìí POS kan nítòsí ráńdábáòtù Challenge. Bàbá kan wá gba ₦40,000. Ọmọbìnrin tó ń ṣe POS náà ki káàdì bọ̀ ọ́, bàbá tẹ nọ́ńbà àṣírí wọn, ẹ̀rọ ń yí, ó ń yí, ó wá ní kò ṣeé ṣe. Ibẹ̀ náà ni fóònù bàbá ti dún: álẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti yọ owó.

"Ọmọ mi, owó mi dà?"

"Bàbá, kò wọlé sí mi sà. Ẹ wò ó, ó ní kò ṣeé ṣe."

"Kò ṣeé ṣe kẹ̀? Wọ́n ti yọ ọ́! Ṣé o fẹ́ jí owó ilé ìwé ọmọ ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí lólè. Ọmọ ilé ire ni mí."

Èrò ti ń pé jọ. Ẹ mọ̀ wá ní Challenge, a kì í jìnnà sí ibi tí ariwo bá wà. Àwọn kan ní kó fún bàbá lówó wọn kíá. Níbo ló ti fẹ́ rí i? Èrè tó máa rí lórí ₦40,000 kò ju ọgọ́rùn-ún náírà mélòó kan lọ. Tó bá san án, tí báńkì sì dá ti bàbá padà lọ́la, òun ló gbé e nìyẹn. Tí kò bá san án, olè ni lójú gbogbo àdúgbò.

Ta ló ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì? Kò sí. POS rán ìbéèrè lọ sí báńkì, ìbéèrè dé. Báńkì yọ owó, ó fi álẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ó sì dá POS lóhùn pé "mo ti ṣe é." Ìdáhùn yẹn ló sọnù lọ́nà. POS dúró títí àkókò tí wọ́n fún un fi pé, ló bá ní kò ṣeé ṣe. Ohun tó fẹ́ sọ gan-an ni pé "mi ò gbọ́ nǹkan kan." Èèyàn ló kà á sí "kò ṣẹlẹ̀."

Ìṣòro yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kì í jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀. Jim Gray ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ ní ìṣòro ọ̀gágun méjì ní 1978. Ọ̀gágun méjì wà lórí òkè méjì, ọ̀tá wà láàárín wọn ní àfonífojì. Àfi kí wọ́n jọ kọlù ú lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n fi lè ṣẹ́gun. Ti òkè yìí rán ìránṣẹ́ pé "ó di òwúrọ̀ ọ̀la o." Ṣé ìránṣẹ́ dé? Kò mọ̀, àfi tí ìdáhùn bá wá. Ẹni tó rán ìdáhùn náà, ṣé ó mọ̀ pé tòun dé? Ọmọ ìlú jagunjagun ni wá, mi ò ní ṣàlàyé jù. Wọ́n ti fi ẹ̀rí hàn pé iye ìránṣẹ́ tó wù kí wọ́n rán, tí ọ̀nà bá ti lè gbé ìránṣẹ́ mì, kò sí bí àwọn méjèèjì ṣe lè ní ìdánilójú pátápátá.

Kí ni wọ́n wá ṣe sí i? Wọ́n ń fi nọ́ńbà sí i, wọ́n sì ń ṣètò ìdápadà. Èdè tí ẹ̀rọ káàdì ń sọ ni ISO 8583, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde láti 1987. Nínú èdè yẹn, ìbéèrè owó ń jẹ́ 0200, ìdáhùn ń jẹ́ 0210. Tí 0210 ò bá dé, ẹ̀rọ á fi 0420 ránṣẹ́: "Èyí tí mo ní kí ẹ ṣe yẹn, ẹ dá a padà." Báwo ni báńkì ṣe máa mọ èyí tó ń wí? Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni. Òun ni RRN tó wà lórí risíìtì tí ẹ máa ń sọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì oní-POS. Kozierok kò kọ ọ̀rọ̀ POS kankan sínú ìwé rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí bí TCP ṣe ń kọ nọ́ńbà sára páálí, tó ń dúró, tó ń tún un rán, ó ti mọ ìbátan rẹ̀.

Mo ní kí ọmọbìnrin náà tẹ risíìtì jáde, kódà ti "kò ṣeé ṣe" yẹn. Mo fi RRN han bàbá, mo ní, "Bàbá, nọ́ńbà yìí ni kí ẹ mú dé báńkì yín, ẹ sọ fún wọn pé owó jáde, iṣẹ́ ò parí." CBN ti pàṣẹ ní 2020 pé àwọn báńkì gbọ́dọ̀ yanjú irú ẹ̀ láàárín wákàtí 72. Bàbá ń kùn lọ, wọn ò bá a jà mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, owó wọn padà. Ọmọbìnrin yẹn kì í sọ risíìtì nù mọ́, inú páálí bísíkíìtì ló ń kó wọn sí.

Ìdáhùn lè sọnù láàárín Challenge àti Èkó. Ó tún lè sọnù sábẹ́ òkun. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024? Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin ló bàjẹ́ ní etíkun Ivory Coast: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báńkì dúró, áàpù dúró, kálukú ń pa fóònù rẹ̀, ó ń tàn án. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣí orí tó sọ̀rọ̀ nípa BGP. Òun ni àdéhùn tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńláńlá fi ń sọ fún ara wọn pé "ẹ gba ọ̀dọ̀ mi dé ibi báyìí." Bí wáyà bá já, ẹni tó ni ín á kéde pé ọ̀nà òun ti dí, àwọn yòókù á wá ọ̀nà míì. Ọ̀nà míì wà: Equiano tí Google tẹ́ dé Èkó ní 2022 kò já. Àmọ́ nígbà tí gbogbo ọkọ̀ bá ya sí ọ̀nà kan, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ibi tí TCP ti wú mi lórí jù nìyí. Tó bá ti rí i pé ẹrù ń sọnù, òun fúnra rẹ̀ á dín eré kù, láìsí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. 1986 ni wọ́n rí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀: láàárín ilé méjì ní Berkeley, tí kò jìn tó ìdajì kìlómítà síra wọn, eré nẹ́tíwọ́ọ̀kì já láti 32,000 bíìtì sí 40 péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Van Jacobson kọ àtúnṣe rẹ̀ jáde ní 1988. Ká ní àwọn onímíkírà wa lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ráńdábáòtù!

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ wá áàpù ọ̀fẹ́ tó ń ṣe traceroute. Ẹ tẹ orúkọ ìkànnì kan sí i, ti Nàìjíríà kan àti ti òkè òkun kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá yọ, ráútà kan ni. Ẹ wo ibi tí àkókò ti fò láti nǹkan bíi 20 lọ sí 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín ti wọ inú òkun. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá orí tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ TTL nínú ìwé náà, ẹ ó rí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ka àwọn ráútà yẹn.

Ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ àdúgbò tí ẹ wà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láti Agbowó jọ tèmi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, DNS ni a ó mú. Ó dàbọ̀.