Bí Fóònù Bá Bi Yín Léèrè

 

Ìyá kan nínú kíláàsì wa ní ìlú kejì ló ní kí n wá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun. Èlùbọ́ ló ń tà. Nígbà tí owó ọjà dín, ó yá ₦10,000 lórí áàpù kan. Áàpù ni irinṣẹ́ tí a ń gbé sínú fóònù kí ó lè bá wa ṣe iṣẹ́. Wọ́n ti yọ èlé kí wọ́n tó fún un. ₦6,500 ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ méje ni wọ́n dá fún un.

Ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ kò tíì mọ́ dáadáa tí ìwé fi dé sórí fóònù tèmi: "Olè ni obìnrin yìí." Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ̀, sí ìyálọ́jà, sí pásítọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi wá sí kíláàsì.

Láyé àtijọ́ a mọ sógundogójì. A mọ òṣómàáló pẹ̀lú, àwọn ará Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni o! Ta ló wá fi ilé àna han àwọn wọ̀nyí?

Ìyá wa fúnra rẹ̀ ni, kò mọ̀ ni. Fóònù bi í pé: ṣé kí áàpù yìí rí gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà níbí? Èdè Òyìnbó ló fi bi í. "Allow" ni "mo gbà." "Don't allow" ni "n kò gbà." Ó tẹ èyí tó kọ́kọ́ rí. Èmi tí mo ti na ọmọ nítorí àìkàwé, èmi náà ti tẹ "Allow" rí láìkà á. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú ìwé yín, kí ẹ mọ ojú wọn bí ẹ ti mọ ojú owó.

Áàpù tí ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà, kò burú. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì lásán, kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà ọmọ yín ṣe? Ẹ tẹ "Don't allow." Bó bá ní òun kò ní ṣiṣẹ́, ẹ yọ ọ́ dànù.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Ní 2023, Google fòfin de áàpù ayánilówó láti máa wo nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù wa. Ṣùgbọ́n áàpù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kò gba ọwọ́ Google kọjá. Ẹ má gbé e. Èyí tó wà ní Play Store pàápàá, ẹ kọ́kọ́ ní kí ọmọ bá yín wá orúkọ rẹ̀ lára àwọn tí FCCPC fọwọ́ sí.

Ìyá wa ti san owó náà, ó sì ti yọ áàpù náà kúrò. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n ti kó lọ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú fóònù rẹ̀ wá. A ó jọ ṣí ibi tí wọ́n kọ "Settings" sí, kí a wo ohun tí ẹ ti gbà fún láìmọ̀, kí a sì pa á. Ẹ ṣáà rí i pé iná wà nínú rẹ̀ o.