Jẹ́lé-ó-sinmi: Bí ilé bá ń sinmi, ta ló ń ṣiṣẹ́?



Orúkọ kan wà tí àwọn Yorùbá fún ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké: jẹ́lé-ó-sinmi. Orúkọ náà ń pani lẹ́rìn-ín. Ọmọ ti da omi sílẹ̀, ó ti fọ́ àwo, ariwo rẹ̀ ti gba ilé kan. Ẹ jẹ́ kó lọ síbẹ̀ kí ilé lè sinmi.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo orúkọ yìí dáadáa, ẹ ó rí i pé ilé ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ. Kò sì dárúkọ obìnrin tó gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní aago méje àárọ̀, tí kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ilé bá ń sinmi, ta ló ń ṣiṣẹ́? Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà? Ta ló sì ń bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu iṣẹ́? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni ọ̀rọ̀ òní dá lé.

Igba ènìyàn ti di ẹnì kan

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀sẹ̀ 12 náà ni òfin iṣẹ́ Ghana ti ọdún 2003 sọ pé kò gbọ́dọ̀ dín. Obìnrin tó bá ti lo díẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó bímọ yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò tíì lè jókòó. Ìyá tó ń tajà ní Makola ní Accra, tàbí ní ọjà Wuse ní Àbújá, kò tilẹ̀ ní ọ̀gá tó máa fún un ní ìsinmi kankan. Ọjọ́ tí kò bá jáde, owó kò wọlé.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Láyé ìgbà náà, igba ènìyàn ọ̀hún wà nínú agbo ilé. Nílùú ńlá lónìí, ìyá àgbà wà lábúlé, tàbí kí òun náà wà nídìí ọjà rẹ̀. Igba ènìyàn ti di ẹnì kan ṣoṣo, ìyẹn àǹtí ilé ìtọ́jú ọmọ.

Àǹtí yìí lè jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama, tó ń dúró de ìdánwò JAMB. Ó sì lè jẹ́ ìyá kan ládùúgbò tó ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn ọmọ tọkàntọkàn. Ìfẹ́ ṣe pàtàkì, àmọ́ ìfẹ́ nìkan kọ́ ni yóò yọ ẹ̀pà tó há sí ọmọ lọ́fun.

Kí ni ẹ̀kọ́ ń fi kún ìfẹ́?

Lọ́dún 2018, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, pẹ̀lú UNICEF àti Báńkì Àgbáyé, gbé ìlànà kan jáde lórí ìtọ́jú ọmọ láti inú oyún títí dé ọdún mẹ́ta. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ní ọmọ nílò: ìlera, oúnjẹ tó dára, ààbò, àǹfààní láti kọ́ nǹkan, àti ẹni tó máa ń dá a lóhùn. Ẹ wo bí ìwọ̀nyí ṣe rí nínú yàrá tí ọmọ mẹ́wàá wà.

Àkọ́kọ́ ni oorun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ ló ń sùn dáadáa. Olùtọ́jú tó gba ẹ̀kọ́ mọ̀ pé ẹ̀yìn ni kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan fi lélẹ̀, lórí ibi tó tẹ́jú tí kò rọ̀ jù, láìsí ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí ń dín ikú òjijì ojú oorun kù láàárín àwọn ìkókó.

Oúnjẹ ló tẹ̀ lé e. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ ní ògì: wọn á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọn á kó àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, wọn á sì máa da ògì sí i bó ṣe ń ké. Ògì tó yẹ kó lọ sínú ikùn lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ máa ń gbé ọmọ jókòó, á fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀, á sì dúró nígbà tí ọmọ bá yí ojú kúrò.

Bí nǹkan bá wá há sí ọmọ lọ́fun ńkọ́, tí kò lè ké, tí kò lè wúkọ́? Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu láìrí ohun tó há. Tí ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún kan, ẹ dà á dé sórí apá, kí orí rẹ̀ wálẹ̀ ju ara lọ, kí ẹ di orí náà mú dáadáa. Ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín èjìká méjèèjì. Tí kò bá jáde, ẹ yí i padà kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe é ní àtúnṣe, kí ẹlòmíràn sì máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló wà fún gbogbo èyí. Ẹni tí kò fi bèbí ṣe ìdánrawò rẹ̀ rí kò ní rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru náà wà ńbẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n fi pààrọ̀ pampers ọmọ kan, tí wọn kò fi ọṣẹ fọ̀, lè kó àrùn ran gbogbo àwọn tó kù kó tó di alẹ́. Olùtọ́jú gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń po omi ORS, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó pe ìyá ọmọ, kí ojú ọmọ tó wọnú.

Èyí tó kẹ́yìn kì í hàn sí ojú: kí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ máa dá a lóhùn. Ọmọ oṣù mẹ́fà ń pariwo "bà bà bà", olùtọ́jú wò ó lójú, ó dáhùn. Eré kọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ni èdè ti ń bẹ̀rẹ̀. Yàrá tí tẹlifíṣọ̀n ti ń dá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí ní Accra

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé ẹ̀kọ́ ọjọ́ mélòó kan lè yí iṣẹ́ olùtọ́jú ọmọ padà lóòótọ́. Ghana ti dán an wò.

Láti ọdún 2007 ni Ghana ti fi ọdún méjì jẹ́lé-ó-sinmi kún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó pọn dandan, fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Àwọn ọmọ wọlé lọ́pọ̀, àmọ́ púpọ̀ nínú olùkọ́ wọn kò gba ẹ̀kọ́ kan lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tó kéré bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2015, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Quality Preschool for Ghana ní ilé ìwé 240 ní agbègbè Greater Accra, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ìbò ni wọ́n fi pín àwọn ilé ìwé náà sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ní ìpín kìíní, àwọn olùkọ́ gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́jọ láàárín ọdún kan: ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, àti ọjọ́ kan sí ìparí ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ tí Ghana yà sọ́tọ̀ fún àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ló kọ́ wọn. Wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi eré kọ́ ọmọ, àti bí wọ́n ṣe ń darí kíláàsì láìlo pàṣán. Láàárín àwọn ìpàdé wọ̀nyí, akọ́niníṣẹ́ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ máa ń wá jókòó sínú kíláàsì, á wo olùkọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, á sì bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Ìpín kejì gba irú ẹ̀kọ́ kan náà, wọ́n sì fi ìpàdé òbí kún un. Ìpín kẹta kò gba nǹkan kan.

Àbájáde rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́. Àwọn olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ túbọ̀ ń ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ, kíláàsì wọn sì dára sí i. Àárẹ̀ ọkàn tí iṣẹ́ náà ń fà fún wọn dín kù. Ní ìpín kìíní, iye olùkọ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún náà wá sílẹ̀, ìmúrasílẹ̀ àwọn ọmọ fún ilé ìwé sì sàn sí i díẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo ti olùkọ́ tí kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ yẹn. Ní gbogbo ìgbà tí àǹtí kan bá lọ, tí òmíràn dé, ọmọ tún ní láti kọ́ òórùn ẹlòmíràn, ohùn ẹlòmíràn, àti ọwọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn òbí ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yani lẹ́nu ni ìpín kejì. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n pe àwọn òbí, tí wọ́n fi fíìmù hàn wọ́n nípa bí eré ṣe ń kọ́ ọmọ. Ẹnikẹ́ni yóò rò pé àwọn ọmọ wọn ni yóò ṣe dáadáa jù. Òdì kejì ló ṣẹlẹ̀: àǹfààní tí àwọn ọmọ ìpín kìíní rí, àwọn tiwọn kò rí i.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé pípe òbí sí ìpàdé kò tíì tó. Òbí tó ń san owó ilé ìwé fẹ́ rí iṣẹ́ àmúrelé nínú ìwé ọmọ ọdún mẹ́ta. Tó bá dé tó bá ọmọ níbi tó ti ń fi iyanrìn àti ìdérí ìgò ṣeré, ó lè rò pé owó òun ṣòfò. Àǹtí tó bá sì fẹ́ kí òbí yìí dúró yóò pa eré tì, yóò gbé pátákó ìkọ̀wé jáde. Bí ẹ̀kọ́ tó gbà ṣe ń dòfo nìyẹn.

Nàìjíríà: ìlànà wà, àmọ́ ta ló kàn?

Kì í ṣe pé Nàìjíríà kò ní ìlànà. Òfin UBE ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè náà sọ pé eré ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ìpele yìí. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ olùkọ́ sì ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí NCE lórí ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́.

Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni NCE. Ìyá tó ń tọ́jú ìkókó mẹ́fà nínú yàrá rẹ̀ ní Kano tàbí Port Harcourt kò lè ti ilẹ̀kùn fún ọdún mẹ́ta. Ohun tó lè ṣe é láǹfààní ni irú èyí tí wọ́n ṣe ní Accra: ọjọ́ díẹ̀ tó pín káàkiri ọdún, pẹ̀lú ẹnì kan tó ń padà wá wò ó, tí kò wá láti fìyà jẹ ẹ́ tàbí láti ti ilé rẹ̀ pa. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba owó ìwé àṣẹ nìkan ni ìjọba ń yọjú, yóò máa fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ ni.

Kí lẹ lè ṣe láti òní lọ?

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fi ọmọ sílẹ̀, ẹ béèrè: Ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹnì kan? Báwo ni wọ́n ṣe ń tẹ́ ọmọ sùn? Kí ni wọ́n máa ṣe tí nǹkan bá há sí i lọ́fun? Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, kì í ṣe bí ọlọ́pàá. Tí ẹ bá sì bá ọmọ yín níbi tó ti ń ṣeré, ẹ yin àǹtí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìtọ́jú ọmọ, ẹ pe nọ́ọ̀sì láti ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, kó wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín ní ìtọ́jú pàjáwìrì, kẹ́ ẹ sì tún un pè. Ẹ san owó wọn lásìkò. Òṣìṣẹ́ tí ebi ń pa kì í ní sùúrù fún ẹkún ọmọ.

Ẹ̀yin àǹtí, ẹ kó ara yín jọ ládùúgbò, bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ohun tó ṣòro fún ọ̀kan, èkejì lè ti rí i rí.

Òwe ní àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tí òwe náà ń sọ kò sí lọ́jà mọ́ láti àárọ̀ dé alẹ́. Àǹtí yẹn ló wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ẹnì kan ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé orí ọmọ dúró.

 Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ.