Ẹ Máa Tẹ̀ Ẹ́ Wò

Ẹ̀yin ọmọ Ìkirè àti Àpòmù tí ẹ ń jáde níléèwé lónìí, ẹ kú oríire.

Gbogbo yín lẹ mọ ìyá tó ń dín dòdò Ìkirè. Kò jẹ́ kàn da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú epo. Á kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó rọ̀, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, ni yóò gún mọ́ ata. Èyí tó ṣì le, á dá a sí di ọ̀la. Ìdì kan náà ni wọ́n ti já wọn o.

Bí ara èèyàn ṣe rí náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wa ni wọ́n bí tí èròjà ara kan, G6PD, kò tó lára wọn. Bí irú wọn bá lo oògùn ibà tí à ń pè ní primaquine, ẹ̀jẹ̀ wọn lè máa fọ́, kí ìtọ̀ wọn dúdú bí àgbo. Oògùn tó wo aládùúgbò sàn ló dá wọn gúnlẹ̀ yẹn.

Nítorí pé ara kan kò rí bí èkejì ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ mọ Charles Rotimi, onímọ̀ àbùdá ènìyàn. Bayokẹ́mísìrì ló kà ní Yunifásítì ìlú Benin kó tó kọjá sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí òun àti olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Richard Cooper, ń wádìí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwádìí náà dé Igbó-Ọrà, wọ́n sì fi àwọn ará ibẹ̀ wé àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà nítòsí Chicago. Orírun wọn tan mọ́ra, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ lọ́hùn-ún ju ti Igbó-Ọrà lọ fíìfíì. Ohun tí a jogún ń ṣiṣẹ́ lára wa, ohun tí à ń jẹ àti bí a ṣe ń gbé náà ń ṣiṣẹ́.

Ní 2003, òun ló di ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àbùdá ènìyàn ní Áfíríkà. Ó tún wà lára àwọn tó jà fún ètò H3Africa, tí wọ́n kéde ní 2010, kí àwọn onímọ̀ wa lè máa yẹ àbùdá àwọn èèyàn wa wò nílé níbí. Àwọn tí orírun wọn jẹ́ Yúróòpù ló pọ̀ jù nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò wá mọ ohun tí ara tiwa gbà, bí kò ṣe ẹ̀yin?

Ẹni tó bá di nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá ta oògùn, ẹni tó bá wọ yàrá ìwádìí nínú yín, ẹ béèrè kí ẹ tó fúnni lóògùn. Ẹ má ṣe ka èèyàn sí agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire.