Ilé Àtijọ́ Kì í Ṣe Ààtàn: Ohun Tí Mo Rí ní Beaufort County

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìn-àjò mi sí Amẹ́ríkà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń retí New York àti àwọn ilé gogoro rẹ̀. Ẹ má bínú, ìgbèríko ni mo fẹ́ mú yín lọ. Beaufort County ni orúkọ ibẹ̀, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, létí òkun Àtìláńtíìkì. County lọ́dọ̀ tiwọn dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Igbó, àbàtà àti erékùṣù ló pọ̀ níbẹ̀. Ìrẹsì àti òwú ni wọ́n ń gbìn láyé ijọ́un, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà àti àwọn ọmọ wọn ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà.

Nítòsí Sheldon ni ẹ ó ti rí ahoro ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Áńgílíkà kan. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ún ní 1779. Wọ́n tún un kọ́ ní 1826, ó tún bà jẹ́ nígbà ogun abẹ́lé wọn ní 1865. Ògiri bíríkì àti àwọn òpó rẹ̀ nìkan ló kù, kò sí òrùlé. Síbẹ̀ wọn ò wó o. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un kó tó mọ̀ pé ogun ti kọjá níbẹ̀.

Ní àdúgbò Sheldon yìí kan náà ni mo ti rí pátákó tí wọ́n kọ Oyotunji sí. Ẹ̀yin ará mi, ẹsẹ̀ mi dúró! Ọ̀yọ́túnjí ni o. Ní 1970 ni Oseijeman Adefunmi, ọmọ Detroit tí wọ́n sọ ní Walter Eugene King nígbà tí wọ́n bí i, tẹ abúlé náà dó pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Òun ni ọba wọn títí ó fi wàjà ní 2005. Ààfin wà níbẹ̀, ojúbọ òrìṣà wà níbẹ̀. Onígbàgbọ́ ni mí, n kò bọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin kan kúnlẹ̀ kí mi pé "Ẹ káàbọ̀", omi bọ́ lójú mi.

Ẹ jẹ́ ká wọ ìlú Beaufort fúnra rẹ̀. Ilé kan wà ní Prince Street. Ẹ̀yìn ilé yẹn, nínú ahéré ẹrú, ni wọ́n bí Robert Smalls sí ní 1839. Nígbà ogun abẹ́lé, ní òru ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1862, ó gbé ọkọ̀ ojú omi Planter mọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ ní Charleston. Ó kó ìyàwó àti ọmọ sínú rẹ̀, ó wà á kọjá níwájú àwọn ìbọn ńlá títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ológun Àríwá. Nígbà tí owó dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ mọ ohun tó fi ṣe? Ilé olówó rẹ̀ àtijọ́ ló rà! Ó wà lára àwọn tó ṣe òfin ìpínlẹ̀ náà ní 1868, òfin tó fi ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lélẹ̀. Ó dé ilé aṣòfin ní Washington. Inú ilé yẹn náà ló kú sí ní 1915, ilé náà sì ṣì wà ní ìdúró.

Ṣùgbọ́n erékùṣù St. Helena ni ọkàn mi wà. Ṣọ́ọ̀ṣì bíríkì kan wà níbẹ̀, Brick Baptist Church. Àwọn ẹrú ló kọ́ ọ ní 1855. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ní kí àwọn tó kọ́ ọ lọ jókòó! Ní oṣù kọkànlá 1861, ọkọ̀ ogun Àríwá dé, àwọn olówó ẹrú fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn ẹrú kò bá wọn lọ. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó nísàlẹ̀.

Ní 1862 ni Laura Towne dá Penn School sílẹ̀ fún wọn. Ellen Murray bá a ṣe é, Charlotte Forten, obìnrin aláwọ̀ dúdú láti Philadelphia, sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n ti kọ́ni fún ìgbà kan. Hastings Gantt, ẹni tó ti ṣe ẹrú rí, ni wọ́n ti ọwọ́ rẹ̀ rí ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà sí. Laura Towne wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1901. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ni mo rántí níbẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1948. Wọn ò torí ẹ̀ jẹ́ kí ilé di igbó. Ó di Penn Center, níbi tí Martin Luther King àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń ṣèpàdé láàárín àwọn ọdún 1960, nígbà tí ibi tí dúdú àti funfun ti lè jókòó pọ̀ ṣọ̀wọ́n. Ní 1974 ìjọba àpapọ̀ kà á mọ́ àwọn ibi ìtàn pàtàkì. Ní 2017 Ààrẹ Obama fi òun àti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn sára ibi ìrántí orílẹ̀-èdè.

Ó yá, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Nígbà tí a dìbò níjelòó pé kí a wó kíláàsì alámọ̀ àkọ́kọ́ wa, kí a fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn ìgbàlódé, mo wà lára àwọn tó nawọ́ sókè. Mo ní ilé ẹlẹ́gbin ni. Èmi náà gbàgbé pé bàbá mi wà lára àwọn tó ru amọ̀ yẹn lórí, nígbà tí kò mọ̀wé kan. Orí mi wú nígbà tí mo dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì St. Helena, ìtìjú sì bá mi. Àwọn tí kò ní nǹkan kan tọ́jú ohun tí ọwọ́ wọn kọ́. Àwa tí a ní, àwa fẹ́ wó tiwa.

Mo bẹ yín, ẹ jẹ́ ká yí ìbò yẹn padà. Ilẹ̀ wà lẹ́yìn pápá bọ́ọ̀lù fún gbọ̀ngàn. Ẹ jẹ́ ká fi òrùlé tuntun bo kíláàsì yẹn, ká gbé rẹ́jísítà àkọ́kọ́ àti àwòrán àwọn olùkọ́ wa sínú rẹ̀. Mo fi bọ́ńdù páànù méjì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tó kù ńkọ́?